Àgbébọ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, ikùn wú, ó ń tiro: ṣé ogbó ni àbí àìsàn?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kan wà nílé wa tí à ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ó tó oṣù mẹ́jọ tó ti yé ẹyin kẹ́yìn. Láti ọjọ́ mẹ́ta, kì í fò sórí igi tí àwọn yòókù ń bà sùn mọ́, ilẹ̀ ló ń sùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro, èépá dúdú kan sì wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Ikùn rẹ̀ yọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ogbe rẹ̀ ti ṣá, kò pupa mọ́. Ó ń jẹun, àmọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí n pa á jẹ, ọmọ ilé ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ogbó ló dé ni àbí àìsàn, kí ni mo lè ṣe sí ẹsẹ̀ náà nílé, oúnjẹ wo ló sì yẹ adìyẹ tí kò yé mọ́? Oúnjẹ pondeuse (ti adìyẹ tó ń yé) tí mò ń rà ní ọjà Ouando ni gbogbo wọn jọ ń jẹ.

Ọlọ́sìn Kétu:

Ẹ kú ìtọ́jú Àbẹ̀kẹ́, ìyá wa. Ogbó lè mú kí adìyẹ rọra máa rìn, kó sì máa sùn lọ́sàn-án, àmọ́ ogbó kì í wú ikùn. Adìyẹ a máa fi àìsàn pamọ́, torí èyí tó bá dà bí ọ̀lẹ láàárín wọn ni àwọn yòókù máa ń ṣá lórí tí wọ́n sì ń lé kúrò nídìí oúnjẹ. Ohun tí ẹ rí fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ gbà pé ó ti lè wà lára rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Kí ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Alẹ́ ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, torí adìyẹ kì í janpata nínú òkùnkùn. Ẹ fi apá méjèèjì mọ́ ọn lára, kí ẹ gbé e jókòó sórí itan yín. Ẹ má ṣe di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ dorí rẹ̀ kodò bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jà. Adìyẹ kò ní iṣan tó pààlà láàárín ikùn àti àyà bíi tiwa. Tí orí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ikùn yóò tẹ àpò afẹ́fẹ́ tó fi ń mí. Èyí tí omi bá sì ti kún ikùn rẹ̀ lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àpò oúnjẹ tó wà níwájú àyà, lápá ọ̀tún, ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wò. Lálẹ́ ó yẹ kó kún bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Ẹ kó oúnjẹ kúrò nílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kó tó jẹ nǹkankan. Ó yẹ kó ti pẹlẹbẹ. Tó bá le bí ìyẹ̀fun tí a pò, koríko gígùn tàbí okùn ọ̀rá ti dí i. Tó bá rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ bí omi, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn kíkan, oúnjẹ ti ń kan nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń dorí rẹ̀ kodò kó lè pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ má dán an wò, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà ń gbà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ ra egungun àyà rẹ̀. Tó bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, tí ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti kòtò, ó ti rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn tó yọ ń jẹ́ kó dà bí ẹni tó sanra. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná.

Àwọn egungun kékeré méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Adìyẹ tó ń yé, ìka méjì sí mẹ́ta máa ń wọ àárín wọn. Èyí tí kò yé, ìka kan péré ni. Ẹ tẹ ikùn pẹ̀lẹ́ láti ibẹ̀ títí dé ìdí egungun àyà: ṣé ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ṣé nǹkan kan le níbẹ̀ bí ẹyin, àbí ó ń mì bí ọ̀rá tí a rọ omi sí? Ẹ ṣí ìyẹ́ ìdí náà wò. Lásìkò òjò, eṣinṣin máa ń yé sí ìyẹ́ tí ìgbẹ́ ti lẹ̀ mọ́, ìdin á sì ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ kan. Ìgbẹ́ tó dáa máa ń dúdú díẹ̀, funfun á wà lórí rẹ̀ bí fìlà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí síbí.

Ṣùgbọ́n lónìí yìí, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú páálí ńlá tí atẹ́gùn ń wọ̀, níbi tó ti lè máa gbọ́ ohùn àwọn yòókù. Ooru àti omi ló ṣáájú oògùn. Ara adìyẹ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 41 ti Celsius. Tó bá ti ń ṣàìsàn, kò lè fúnra rẹ̀ gbé ooru yẹn ró. Tí òru bá tutù, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò ọ̀rá, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí apá kan páálí náà, kó lè kúrò níbẹ̀ tí ooru bá pọ̀ jù. Tó bá la ẹnu tó sì ṣí apá, ooru ti pọ̀ jù nìyẹn.

Fún omi: lítà kan tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí ẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ọjọ́ kan sí méjì péré ni, lẹ́yìn náà kí ó padà sí omi lásán. Adìyẹ ń fẹ́ nǹkan bíi mílílítà 50 lójúmọ́ fún kílò kan ara rẹ̀. Tí kò bá mu ún fúnra rẹ̀, ẹ fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an sí ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kó máa gbé e mì fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ipá la ẹnu rẹ̀ kí ẹ dà á sí i. Ihò èémí rẹ̀ wà ní ìdí ahọ́n gan-an, ẹ ó rí i tó ń ṣí tó ń pa dé.

Aládìyẹ Ọ̀sà, Àjàṣẹ́:

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni tèmi. Èépá dúdú lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Kòkòrò àìfojúrí ló gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé, ara wá yí i ká, ó sì di kókó líle bí èkùrọ́ kékeré nínú ẹran ẹsẹ̀. Igi tó ga lórí símẹ́ńtì ló sábà ń fà á: adìyẹ tó wúwo bẹ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì fọ́. Ilẹ̀ tó tutù pẹ̀lú ìgbẹ́ ni ìkejì. Tí ẹ kò bá tún igi yẹn ṣe, ẹ ó wo ẹsẹ̀ yìí sàn, òmíràn á tún yọ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ bu lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ méjì tí kò kún sí i, kí ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Aṣọ dúdú ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀, yóò dákẹ́. Èépá yóò rọ̀. Ẹ fi etí aṣọ mímọ́ gbé e láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá fẹ́ wá, kí ó wá, tí kò bá fẹ́, ẹ dúró di ọ̀la, kí ẹ tún rẹ ẹ́. Ẹ MÁ FỌWỌ́ FÚN KÓKÓ NÁÀ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọyún olómi tó lè tú jáde, ó gan bíi wàràkàṣì. Tí ẹ bá fún un, ẹ ń tì í lọ sí ìdí iṣan àti egungun ni.

Tí èépá bá ti kúrò, ẹ bu Bétadine (oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ egbò) sínú omi tó ti sè títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí tíì tí kò le, ẹ fi fọ ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi oyin gidi tín-ín-rín sí i, ẹ fi aṣọ ìdìgbẹ́ kékeré lé e, kí ẹ wá fi báńdéèjì gba àárín ìka dé ìka, kó kọjá lókè àtẹ́lẹsẹ̀, kó tún padà. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan orí àwọn ìka rẹ̀. Tí wọ́n bá tutù tàbí tí wọ́n wú, ẹ ti dì í le jù. Ẹ tún un dì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́jọ́ méjì méjì. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà.

Tí wíwú náà bá gun orí ẹsẹ̀ lọ sí orúnkún, tàbí tí ẹsẹ̀ ń gbóná, kì í ṣe iṣẹ́ ilé mọ́, dókítà ẹranko ni yóò là á.

Igi ìsùn: ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí 30, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fá etí rẹ̀ kó má mú. Ẹ da ìyẹ̀fun igi gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó nípọn tó ìka mẹ́rin.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò oúnjẹ pẹlẹbẹ láàárọ̀. Egungun àyà mú. Kílò kan àti gíráàmù 100 ló wọ̀n. Ìka kan péré ló wọ àárín egungun méjèèjì nídìí. Kò sí ohun líle níkùn, ó ń mì bí ọ̀rá omi. Ìgbẹ́ rẹ̀ kéré, àwọ̀ ewé ni, funfun rẹ̀ pọ̀. Tó bá rìn láti páálí dé ibi omi, á dúró, á la ẹnu mí díẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbóná.

Àwọn ará ilé ní kí n ro epo pupa àti ata gígún sí i lọ́fun. Ṣé kí n ṣe é?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ má ro epo sí i lọ́fun, ìyá. Epo tó bá ṣi ọ̀nà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́. Ní ti ata, kì í ta adìyẹ lẹ́nu rárá, ẹyẹ kì í gbọ́ gbígbóná ata bíi tiwa. Kò lè pa á, kò sì lè wò ó.

Ẹyin kọ́ ló há a. Adìyẹ tí ẹyin há, òjijì ni: yóò nàró gangan, ìrù rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò, yóò máa tiraka láti yé, ẹ ó sì tẹ ẹyin náà bá lábẹ́ ikùn. (Ẹni tó bá rí irú rẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bo ikùn fún ogún ìṣẹ́jú, nù ún gbẹ, fi òróró díẹ̀ sí ihò ìdí, gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn tó sì móoru, má fọ́ ẹyin náà sí i nínú. Tí kò bá yé e di ọjọ́ kejì, dókítà.) Ti Àbẹ̀kẹ́ rọra wá ni, egungun ìdí rẹ̀ ti pa dé, ikùn sì rọ̀. Omi ló wà níbẹ̀.

Orísun omi yìí ju ẹyọ kan lọ. Pupa ẹyin lè ṣìnà kó já sínú ikùn dípò ilé ẹyin, kó sì di egbò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ kókó jẹjẹrẹ nínú ilé ẹyin. Ó wọ́pọ̀ lára àgbà àgbébọ̀ débi pé adìyẹ ni àwọn onímọ̀ ń lò láti fi wádìí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ lára obìnrin. Ó lè jẹ́ ọkàn. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ti ẹ̀dọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ wa wà. Àgbàdo tí òjò pa kó tó gbẹ máa ń bu, èébu náà sì ń fi májèlé sínú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ adìyẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Fífọ̀ kò mú un kúrò, sísè kò mú un kúrò. Àgbàdo tí ẹ kò lè sè fún ọmọ, ẹ má dà á fún adìyẹ. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ la hóró mẹ́wàá sí méjì: tí ìdí rẹ̀ bá dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ kó o dànù.

Dókítà ẹranko lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi náà kó lè mí dáadáa. Kì í fa gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, torí ara rẹ̀ á dákú. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un nílé, ìfun ló wà lẹ́yìn awọ yẹn. Omi náà máa ń padà, nígbà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìtura ni fífà rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ìwòsàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó náwó. Tí ẹ bá ń gbé e lọ, inú apẹ̀rẹ̀ ni kó jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kadà so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà.

Oògùn méjì tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ́ra fún. Diclofenac tí àwa ènìyàn ń lò fún ara ríro, ẹ má fún un. Òun ló pa àìmọye igún ní Íńdíà, kíndìnrín ẹyẹ ló ń bà jẹ́, ó sì ń bá ti adìyẹ jà pẹ̀lú. Èkejì, tetracycline, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà: kì í pa àrùn Newcastle (àrùn tó ń pa adìyẹ lọ́pọ̀), kì í gbẹ omi inú ikùn. Tí dókítà bá sì fún un lọ́nà tó tọ́, ẹ kó ìkarawun kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi lò ó tán, torí kálísíọ̀mù máa ń dè é mọ́lẹ̀ nínú ìfun, kì í jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀.

Ọlọ́sìn Kétu:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ sọ. Ó ku oúnjẹ.

Ìyá, ẹ gba oúnjẹ pondeuse kúrò níwájú Àbẹ̀kẹ́. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó ìdá 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń yé ló ń fi ṣe èèpo ẹyin. Èyí tí kò yé, kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣíṣẹ́ láti tì í jáde, tí kíndìnrín bá sì rẹ̀, nǹkan funfun bí ẹfun á bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí oríkèé ẹsẹ̀ àti ara ẹ̀dọ̀. Funfun tó pọ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ ra oúnjẹ poulette (ti ọmọge adìyẹ tí kò tíì yé), kálísíọ̀mù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ poulette, kí ẹ wá da ìkarawun ọ̀sà tí a lọ̀ sínú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó ń yé á lọ bá a fúnra wọn. Àwọn yòókù kì í sábà yà síbẹ̀.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ oúnjẹ náà kó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ìdajì ẹyin sísè tí a rún sí i, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí ẹran àyà rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, díẹ̀. Ẹ má fún un ní píà, ì báà jẹ́ èèpo, ì báà jẹ́ hóró, májèlé ló jẹ́ fún ẹyẹ. Ẹ má fún un ní ẹ̀wà tí a kò sè. Ọbẹ̀ tó níyọ̀ náà kò dára fún un. Ohun tó rọ̀ tí kò bá jẹ tán ní wákàtí méjì, ẹ kó o dànù, á kan.

Aládìyẹ Ọ̀sà, Àjàṣẹ́:

Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ igi ìsùn lóru. Kòkòrò pupa wínníwínní kan wà tó ń fara pamọ́ sínú ihò igi lọ́sàn-án, tó ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ lóru. Adìyẹ àgbà tí ogbe rẹ̀ ṣá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti dín. Omi híhó ni kí ẹ dà sí ihò igi náà, kí ẹ tún dà á lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, torí ẹyin wọn á ti pa. Tí ìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbé sókè bí èèpo igi, kòkòrò mìíràn nìyẹn, abẹ́ ìpẹ́ ló ń gbé. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fi òrí kùn ún dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òrí á dí i lémìí. Ẹ má bó ìpẹ́ náà.

Àwọn tó kù tí ara wọn dá, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Newcastle tàbí èyí tí wọ́n ń kán sójú fún wọn kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ kì í gbà á.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́:

Mo ti sọ igi kalẹ̀, mo ti rẹ ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, èépá ti ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo máa gbé e lọ fún dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí ìyà bá ti pọ̀ jù fún un?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ mú nǹkan kan tó fẹ́ràn jù, bí ìkán tàbí ẹyin sísè, kí ẹ máa gbé e síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Adìyẹ tó bá dìde wá bá a, ó ṣì fẹ́ wà. Tó bá di ọjọ́ méjì tí kò yí ojú sí i, tàbí tó ń la ẹnu mí nígbà tó jókòó láì ṣe nǹkan kan, tàbí tí kò lè dìde dé ibi omi, ẹ pe dókítà kó wá fún un ní oògùn tí yóò fi sùn lọ pátápátá láìjìyà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jẹ ẹran rẹ̀, ajá pàápàá, nítorí oògùn àti àìsàn tí a kò tíì mọ̀ dájú. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kó jìn dé orúnkún àgbà ó kéré tán, kó jìnnà sí kànga.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé méjì mẹ́ta ló ṣubú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má là wọ́n, ẹ má gbé wọn lọ ibì kankan, àwọn elétò ìlera ẹranko ni kí ẹ ké sí. Àrùn H5N1 (grippe aviaire, ọ̀fìnkìn àwọn ẹyẹ) ti dé Bẹ̀nẹ̀ ní 2007, ó sì tún padà ní 2021.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣé o. Ó dìde wá bá ẹyin láàárọ̀ yìí. Ìgbà wo ni kí n máa wọ̀n ọ́n?

Ọlọ́sìn Kétu:

Láàárọ̀, kó tó jẹun, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ẹ yí i sí òdo, kí ẹ wá gbé e sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ egungun àyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí tí omi bá ń pọ̀ sí i níkùn, òṣùwọ̀n lè máa gòkè nígbà tí ẹran ara rẹ̀ ń lọ.